Ẹja Inú Adágún Strobel, Ẹyẹ Etí Omi

Lórí òkè títẹ́jú kan ní ìpínlẹ̀ Santa Cruz, ní ìhà gúúsù jíjìnnà orílẹ̀-èdè Argẹntínà tí wọ́n ń pè ní Patagonia, adágún ńlá kan wà tó ń jẹ́ Lago Strobel. Òkúta dúdú tí iná abẹ́ ilẹ̀ tú jáde láyé àtijọ́ ló yí i ká. Igi kò sí níbẹ̀. Koríko ló wà, kò sì ga, nítorí atẹ́gùn ibẹ̀ kì í jẹ́ kí ohun tó bá dìde ó dúró. Odò kan tó ní láárí, Barrancoso, ló ń ṣàn wọ inú adágún yìí, kò sì sí odò kankan tó ń ṣàn jáde. Omi tó bá wọlé, oòrùn àti atẹ́gùn nìkan ló ń fà á gbẹ, nítorí náà iyọ̀ àti èròjà ilẹ̀ ń jókòó síbẹ̀ lọ́dọọdún. Edé wẹ́wẹ́ fẹ́ràn irú omi bẹ́ẹ̀, wọ́n sì pọ̀ níbẹ̀ bí eèrà. Láti ìgbà tí adágún náà ti wà, kò sí ẹja nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún báyìí, bí àwọn ọdún 1980 ti ń parí lọ tí àwọn ọdún 1990 ń wọlé, tí àwọn èèyàn kó ọmọ ẹja tíráótì dà síbẹ̀. Ẹja tó bá bọ́ síbi tí oúnjẹ ti kún fọ́fọ́, tí ẹja mìíràn kò sì bá a du ú, kí ni ì bá ṣe ju kó sanra lọ? Lónìí, tíráótì tó wúwo tó kílò 5 kì í ṣe ohun ìyanu ní Strobel, wọ́n sì ti fi ìwọ̀ mú èyí tó ju kílò 10 lọ. Nítorí bí ẹja ibẹ̀ ṣe tóbi tó ni àwọn apẹja àgbáyé ṣe sọ ọ́ ní Adágún Jurassic, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ àwọn ẹranko abàmì ayé àtijọ́.

Kò sí ẹni tó kàn lè gbé ọ̀pá ìpẹja kó forí lé ibẹ̀. Ilẹ̀ etí omi jẹ́ ti àwọn olóko àgùntàn, inú oko wọn sì ni ọ̀nà gbà kọjá. Ẹni tó bá fẹ́ pẹja yóò sanwó fún ilé àlejò tó wà lórí ilẹ̀ náà, yóò wá ní àsìkò tí wọ́n ń gbàlejò, láti nǹkan bí oṣù kọkànlá títí dé nǹkan bí oṣù kẹrin, amọ̀nà yóò sì máa bá a rìn. Iye ọ̀pá tó lè wà létí omi lójúmọ́ ní òǹkà. Àwọn tó ń ṣe òwò yìí gbà pé ẹnubodè tí wọ́n tì yìí ni ààbò adágún náà, pé ohun tó bá ní ẹni tó ni ín ló ń ní olùṣọ́. Mo gbà pé òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn, n ó sì fi ẹ̀rí gbè é lẹ́sẹ̀ kí n tó sọ ibi tó kù sí. Ẹnubodè náà ń dáàbò bo ẹja. Ṣùgbọ́n àlejò ni ẹja lórí òkè yẹn. Ẹyẹ kan wà tó jẹ́ onílé, iye rẹ̀ kò sì pọ̀ mọ́. Ọ̀dọ̀ ẹyẹ yẹn ló yẹ ká ti wọn ààbò tí òwò yìí ń ṣe, kì í ṣe ọ̀dọ̀ ẹja.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ irú ìpẹja tí à ń sọ. Tíráótì kì í ṣe ẹja tí ọjà wa mọ̀. Àwọn èèyàn wa tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù máa ń rí i lórí yìnyín níbi tí wọ́n ti ń ta ẹja, àmọ́ kò sí nínú odò ilẹ̀ Yorùbá, kò sì lè sí, nítorí omi wa móoru jù fún un. Ẹja omi tútù ni. Èyí tí wọ́n ń pè ní tíráótì òṣùmàrè, tó wà ní Strobel, ilé rẹ̀ gan-an ni àwọn odò tó ń ṣàn lọ sínú òkun Pàsífíìkì ní Amẹ́ríkà ti Àríwá, àti ní Kamchatka ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà. Ìlà aláwọ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́ tó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá ló fún un lórúkọ. Ohun tó ń jẹ jù ni kòkòrò omi, idin wọn, àti edé wẹ́wẹ́. Ìwọ̀nyí kéré débi pé kò sí bí èèyàn ṣe fẹ́ fi wọ́n há ìwọ̀. Nítorí náà ni apẹja ṣe ń ṣe àfijọ wọn: yóò mú ìwọ̀ kékeré, yóò fi òwú, irun ẹran àti ìyẹ́ ẹyẹ dì í títí yóò fi jọ kòkòrò. Ìyẹ́ ọrùn àkùkọ níyì púpọ̀ fún iṣẹ́ yìí, torí pé ó le, ó sì ń mú ìwọ̀ léfòó. Ọgbọ́n yìí ti pẹ́ láyé. Òǹkọ̀wé ará Róòmù kan, Aelian, ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní nǹkan bí 1,800 ọdún sẹ́yìn pé àwọn ará Makẹdóníà ń di irun àgùntàn pupa mọ́ ìwọ̀, wọ́n sì ń fi ìyẹ́ àkùkọ méjì sí i, kí ẹja lè rò pé eṣinṣin ni.

Ibi tí ìpẹja yìí ti yàtọ̀ sí ti ẹni tó so òjé mọ́ okùn ni pé ayédèrú eṣinṣin fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní ìwúwo rárá. Kò sí bí èèyàn ṣe lè jù ú kó lọ. Okùn fúnra rẹ̀ ni wọ́n ṣe nípọn tó sì wúwo. Òun ni apẹja ń fi ọ̀pá gbọn sẹ́yìn, tí yóò sì jẹ́ kó nà tán gbọọrọ lẹ́yìn rẹ̀ kó tó gbọ̀n ọ́n síwájú, tí okùn náà yóò sì gbé eṣinṣin lọ dà sójú omi wẹ́rẹ́ bí ìgbà tí ewé bá jábọ́. Atẹ́gùn Strobel kì í jẹ́ kí èyí rọrùn. Èyí wà lára ìdí tí amọ̀nà fi wúlò: ó mọ èbúté tí òkúta ti gba atẹ́gùn dúró, ó mọ ìgbà tí ẹja ń sún mọ́ etí omi láti jẹ edé, ó sì mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n fi ẹja sílẹ̀.

Ìgbà tó yẹ kí wọ́n fi ẹja sílẹ̀ yẹn ló ń pinnu àsìkò. Omi tútù máa ń gba ọ́síjìn mọ́ra ju omi gbígbóná lọ. Ní dígírì 10 lórí òṣùwọ̀n Celsius, lítà omi kan lè gba nǹkan bí mílígírámù 11 ọ́síjìn. Ní dígírì 25, kò ju 8 àti díẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni ara ẹja, bí omi ti ń gbóná sí i ni ó ń béèrè ọ́síjìn sí i. Ohun tó nílò ń pọ̀, ohun tó wà nílẹ̀ ń dín kù. Tíráótì òṣùmàrè tí ara ń tù láàárín dígírì 10 sí 16, ìnira ti dé bá a tí omi bá kọjá 20, ikú kò sì jìnnà sí i ní 25. Ìdí nìyẹn tí ìpínlẹ̀ Montana ní Amẹ́ríkà fi máa ń ti odò pa láti agogo méjì ọ̀sán títí di ọ̀gànjọ́ òru, bí omi bá ti kan nǹkan bí dígírì 23 fún ọjọ́ mẹ́ta léraléra. Òwúrọ̀ nìkan ni wọn yóò gbà kí èèyàn pẹja, nígbà tí omi ṣì tutù. Ní Strobel tó wà nínú òtútù, ooru kọ́ ni ìṣòro tó tóbi jù. Òtútù ìgbà ọ̀gìnnìtìn àti ọ̀rọ̀ ẹyin ni. Tíráótì kì í yé ẹyin sínú adágún tí omi rẹ̀ dúró. Ó ń fẹ́ òkúta wẹ́wẹ́ tí omi ń ṣàn lórí rẹ̀. Odò Barrancoso nìkan ló ní irú ibẹ̀, nítorí náà nígbà ìrúwé ni ẹja adágún gbogbo máa ń dojú kọ ẹnu odò kan ṣoṣo yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ẹja Strobel níbi gidigidi, kó kàn ta àwọ̀n síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Bí ẹja náà ṣì fi pọ̀, ìdí ni pé ibẹ̀ ní olùṣọ́.

Ẹ̀rí kan tún wà tó gbè fún amọ̀nà, mi ò sì lè fi í sílẹ̀ láì sọ. Ọ̀pọ̀ ẹja tí wọ́n ń mú ní irú ibi wọ̀nyí ni wọ́n ń dá padà sínú omi. Ó yẹ kí òǹkàwé béèrè bóyá ẹja tí wọ́n dá padà yóò yè. Ní ọdún 1992, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì ní Kánádà, Ferguson àti Tufts, gbé ìwádìí kan jáde lórí tíráótì òṣùmàrè. Wọ́n lé ẹja káàkiri nínú agbada omi títí ó fi rẹ̀ wọ́n tẹnutẹnu, bí ìgbà tí ìwọ̀ mú wọn. Àwọn tí wọn kò gbé kúrò nínú omi lẹ́yìn náà, nǹkan bí 12 nínú 100 ló kú. Àwọn tí wọ́n gbé sínú afẹ́fẹ́ fún 30 ìṣẹ́jú-àáyá, 38 nínú 100 ló kú. Àwọn tí wọ́n gbé sókè fún ìṣẹ́jú kan géérégé, 72 nínú 100. Ìṣẹ́jú kan yẹn ni ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò pẹ̀lú ẹja rẹ̀ máa ń lò láì mọ̀. Inú ilé ìwádìí ni wọ́n ti ṣe èyí, wọ́n sì ti ń fa ẹ̀jẹ̀ ẹja wọ̀nyẹn wò, nítorí náà ikú tó wà létí adágún lè dín sí i. Àmọ́ ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ náà dorí kọ kò fara sin. Amọ̀nà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò tẹ ẹ̀gún kékeré ẹnu ìwọ̀ mọ́lẹ̀ kó má bàa ya ẹnu ẹja, yóò fi àwọ̀n rọ́bà gbà á, yóò rin ọwọ́ kó tó fọwọ́ kàn án, yóò sì tú u sílẹ̀ nínú omi níbẹ̀. Àlejò tó ti sanwó gọbọi láti wá láti ìlú òkèèrè kò ní gbọ́rọ̀ sí ẹnikẹ́ni lẹ́nu bí ti amọ̀nà tó dúró tì í. Nítorí náà, ní ti ẹja, mo fara mọ́ ẹnubodè, mo fara mọ́ àsìkò, mo sì fara mọ́ òǹkà ọ̀pá.

Ẹyẹ wá ńkọ́? Orúkọ rẹ̀ ní ẹnu àwọn ará Argẹntínà ni macá tobiano. Ẹyẹ omi ni, kò tóbi ju pẹ́pẹ́yẹ kékeré lọ. Àyà rẹ̀ funfun, orí rẹ̀ dúdú, àtàrí rẹ̀ pupa bí epo, ojú rẹ̀ sì pọ́n. Ọdún 1974 ni Mauricio Rumboll tó kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún ayé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì pàdé rẹ̀ ní Santa Cruz níbẹ̀. Ẹ rò ó wò: ọmọ aráyé ti rìn lórí òṣùpá kí ìwé ìmọ̀ kankan tó dárúkọ ẹyẹ yìí. Ibi tó ti ń pa ọmọ kò sí níbòmíràn láyé ju àwọn adágún orí òkè títẹ́jú Patagonia wọ̀nyẹn lọ. Nígbà òtútù, ó máa ń fò lọ sí ẹnu odò lẹ́bàá òkun Àtìláńtíìkì. Orí ewéko tó ń léfòó lójú omi ló ń kọ́ ìtẹ́ sí. Ẹyin méjì ló sábà máa ń yé, ọmọ kan ṣoṣo ló sì máa ń tọ́. Oúnjẹ rẹ̀ ni edé wẹ́wẹ́, kòkòrò omi àti ìgbín omi. Ìyẹn ni pé ohun tó ń mú tíráótì Strobel sanra gan-an ni ẹyẹ yìí ń jẹ. Ní àwọn ọdún 1980, àwọn tó kà á gbà pé iye rẹ̀ tó 3,000 sí 5,000. Nígbà tí wọ́n tún lọ kà á lẹ́yìn ọdún 2009, nǹkan bí 800 ni wọ́n bá. Láti 2012 ni àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀dá tó ń parẹ́ ti fi í sí ìpele tó kù díẹ̀ kó má sí mọ́ rárá.

Ẹni tó bá ń gbèjà òwò ẹja yóò ní ká má yára dá ẹjọ́, àwíjàre rẹ̀ sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Yóò ní tíráótì nìkan kọ́ ló ń pa ẹyẹ náà. Òtítọ́ ni. Ẹranko kékeré kan tó ń jẹ́ mink, tí wọ́n kó wá láti Amẹ́ríkà ti Àríwá láti máa sìn nítorí awọ rẹ̀, ti sá kúrò nínú àgọ́ wọn, ó sì ti di ẹranko ìgbẹ́ ní Patagonia. Ní 2011, mink kan ṣoṣo wọ ibi tí macá tobiano kọ́ ìtẹ́ sí, ó sì pa ẹyẹ àgbà tó ju 30 lọ kí wọ́n tó rí i mú. Ẹyẹ etíkun kan tó ti pọ̀ sí i náà ń jí ẹyin àti ọmọ wọn gbé. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ìwọ̀nyí ṣe so kọ́ra. Ẹyẹ tí oúnjẹ ti dín kù fún níbi kan yóò kó lọ síbòmíràn. Bí adágún tó dára fún un ti ń dín kù, gbogbo wọn yóò máa ṣù jọ sí ibi díẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá sì ṣù jọ, ẹranko kan ṣoṣo á lè ṣe wọ́n níbi lọ́pọ̀ ní alẹ́ kan. Mink ló bu wọ́n jẹ, àmọ́ tíráótì wà lára ohun tó lé wọn sí igun ilé.

Wọn yóò tún sọ pé adágún náà ṣófo tẹ́lẹ̀, pé wọ́n kàn fún un ní ohun tó wúlò ni. Ọ̀rọ̀ yìí ló máa ń dùn mí jù nínú gbogbo àwíjàre wọn, nítorí pé ojú apẹja nìkan ni èèyàn lè fi wo omi tí kò ní ẹja kó sì pè é ní òfìfo. Àwọn Tehuelche tó ni ilẹ̀ náà láyé àtijọ́ gbẹ́ àwòrán sára òkúta orí òkè Strobel. Wọn kò rí ibẹ̀ ní òfìfo. Edé wà níbẹ̀, ewéko wà níbẹ̀, ẹyẹ tí kò sí níbòmíràn láyé ń jó ijó ìfẹ́ rẹ̀ lójú omi àwọn adágún òkè náà lọ́dọọdún. Tíráótì fúnra rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀dá burúkú. Nílé rẹ̀, òun àti àwọn aládùúgbò rẹ̀ ti mọ ọwọ́ ara wọn tipẹ́. Àwa náà ní irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ nítòsí: ẹja ńlá tí àwọn Haúsá ń pè ní giwan ruwa, ìyẹn erin omi, ti wà nínú Odò Ọya láti ayébáyé, àwọn ẹja yòókù sì ń bá a gbé. Nígbà tí wọ́n gbé irú ẹja kan náà lọ sínú adágún Victoria ní Ìlà Oòrùn Áfíríkà ní àwọn ọdún 1950, ó jẹ́ ọ̀kan pàtàkì lára ohun tó mú kí ọgọ́rọ̀ọ̀rún irú ẹja kéékèèké tí kò sí níbòmíràn run tàbí kí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ run. Ẹja kan náà ni. Omi ló yàtọ̀.

Àwíjàre tó wúwo jù ni ti oúnjẹ òòjọ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1991, òkè ayọnáyèéfín Hudson ní ilẹ̀ Ṣílè bú gbàmù, eérú rẹ̀ sì bo Santa Cruz. Àgùntàn kú lọ rẹpẹtẹ, ọ̀pọ̀ olóko sì fi oko sílẹ̀ lọ. Fún ẹni tó ṣẹ́kù sórí ilẹ̀ tí àgùntàn kò lè bọ́ ọ mọ́, àlejò tó ń wá pẹja ni ìgbàlà. Mi ò ní sọ pé kí wọ́n ti ilé àlejò wọn pa. Strobel tóbi ju ohun tí ẹnikẹ́ni lè fi àwọ̀n ko ẹja rẹ̀ tán lọ. Ẹja ibẹ̀ ti débẹ̀, ó sì ti jókòó. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa fi í pawó. Ṣùgbọ́n Strobel nìkan kọ́ ni adágún orí òkè náà. Àwọn adágún kéékèèké pọ̀ yí i ká, wọ́n sì ti da tíráótì sínú díẹ̀ nínú wọn pẹ̀lú, nítorí ìrètí pé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Strobel yóò tún ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Àwọn kéékèèké yìí ni ẹyẹ náà nílò, ibẹ̀ sì ni kò yẹ kí a gba àwíjàre kankan.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní ẹja tí a ti dà sómi kì í ṣe é kó jáde mọ́, kó wo àwọn òkè Sierra Nevada ní California. Ọ̀pọ̀ adágún òkè ibẹ̀ kò ní ẹja rí, títí àwọn èèyàn fi kó tíráótì lọ dà síbẹ̀ láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Nígbà tó yá, ọkọ̀ òfuurufú ni wọ́n fi ń da ọmọ ẹja sómi láti ojú ọ̀run. Àkèré kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ pupa rúsúrúsú, tó ti pọ̀ níbẹ̀ rẹpẹtẹ, bẹ̀rẹ̀ sí í pòórá kúrò nínú adágún tí ẹja bá ti dé. Ní ìparí àwọn ọdún 1990, àwọn onímọ̀ ta àwọ̀n sínú àwọn adágún kan, wọ́n kó tíráótì ibẹ̀ tán pátápátá. Láàárín ọdún díẹ̀, àkèré ti padà kún etí omi. Àwọ̀n lásán ni wọ́n lò, pẹ̀lú sùúrù. Àwọn olóko Strobel ní òṣìṣẹ́ tó mọ ibi tí ẹja ń sá sí, wọ́n sì ní oṣù tí àlejò kì í sí nílé. Mi ò mọ ẹlòmíràn tí iṣẹ́ náà ì bá yá lọ́wọ́ jù wọ́n lọ.

Àwọn kan yóò ní òwò olówó ni gbogbo èyí, pé adágún kò yẹ kó jẹ́ ti ẹnì kan tó ń ti ilẹ̀kùn mọ́ mẹ̀kúnnù. Mo gbọ́, mo sì mọ̀ pé ó ń dun ọ̀pọ̀ ará Argẹntínà pé wọn kò lè dé omi ilẹ̀ tí wọ́n bí wọn sí. Síbẹ̀, bí wọ́n bá ṣí ẹnubodè gbayawu lọ́la, Barrancoso kò ní tó ọdún mélòó kan kó tó ṣófo, ẹsẹ̀ èèyàn yóò sì pọ̀ sí i létí àwọn adágún tí ẹyẹ wà. Ohun tí mo fẹ́ kí ìjọba Santa Cruz béèrè lọ́wọ́ olóko kì í ṣe kọ́kọ́rọ́ ẹnubodè. Kí wọ́n béèrè ìpín ẹyẹ nínú owó ọ̀pá kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì sọ ọ́ di òfin pé ẹni tó bá da ẹja sínú adágún tí kò ní in yóò pàdánù ìwé àṣẹ rẹ̀.

Ẹgbẹ́ Aves Argentinas àti Ambiente Sur ti ń fi àwọn ọ̀dọ́ ṣọ́ ìtẹ́ macá tobiano. Àgọ́ ni wọ́n ń pa sẹ́bàá omi, nínú atẹ́gùn tó ń fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé àgọ́ náà lọ, fún gbogbo ìgbà tí ẹyẹ bá fi wà lórí ẹyin, kí mink má bàa dé lóru. Oṣù tí ẹyẹ ń sàba gan-an ni oṣù tí àlejò kún etí Strobel. Lórí òkè kan náà, nínú atẹ́gùn kan náà, amọ̀nà kan ń ka ẹja tí àlejò rẹ̀ tú sílẹ̀, ọ̀dọ́ kan sì dùbúlẹ̀ sórí òkúta pẹ̀lú awò awọ̀nàjíjìn lójú, ó ń ka ẹyin. Ẹni àkọ́kọ́ ní owó oṣù, ó ní ọkọ̀, ó ní ilé tó móoru láti sùn sí. Ẹnì kejì náà nílò wọn.